Irin tí Ara Fi Pamọ́ fún Olè

Ìgò mẹ́ta ni mo bá lórí tábìlì nígbà tí mo wọlé tọ ìyá mi ní Ìrè-Èkìtì lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú bí àdín, ẹ̀kẹta sì ni àgbo pòròpórò ọkà bàbà tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sè láti àárọ̀, tí ó pọ́n débi pé àlejò lè pè é ní ẹ̀jẹ̀. Agolo mílíìkì kan àti ìgò móòtì mélòó kan tò tì wọ́n. Ìyá mi fúnra wọn dùbúlẹ̀ lórí ẹní Ògòtún, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé ìrọ̀rí, a fi báńdéèjì dì í, òórùn egbò sì ti gba gbogbo yàrá. Ọkọ́ ló ṣá wọn lẹ́sẹ̀ lóko iṣu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà. Ibà kò lọ, oúnjẹ kò wọlé, nígbà tí mo sì fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹfun.

Gbogbo ará ilé ti gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni kò sí lára wọn mọ́. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí èmi gan-an ni mo ra ìgò pupa yẹn, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, ní Adó, ní ilé oògùn kan tí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kò bi mí léèrè ohunkóhun ju iye ìgò tí mo fẹ́ rà lọ. Lọ́jọ́ kejì a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà àgbà kan wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n wo ìgò tí mo gbé dání, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé egbò yìí lo fẹ́ wò sàn ni, àbí ohun tó wà nínú rẹ̀ lo fẹ́ bọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé ìwé, mo ti kọ ìdánwò lé e lórí, mo sì yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ìyá tó bí mi, ohun tí ojú rí nìkan ni mo tẹ̀ lé: ara funfun, nítorí náà kí a fún un ní irin.

Èsì àyẹ̀wò dé. PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 24, ó kéré. Irin inú omi ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ferritin, èyí tí a fi ń díwọ̀n irin tó wà nípamọ́, ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dà bí ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ ná lọ́jà, tí abà rẹ̀ nílé sì kún fún kòkó. Ferritin a máa ga bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, èyí sì ni kókó ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ: irin ìyá mi kò tán. Ara wọn ló fi í pamọ́, nítorí olè wà nínú ilé.

Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ olè náà, ó yẹ kí a mọ bí ohun tó ń jí ti pọ̀ tó. Gbogbo irin tó wà nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 lọ, ìwọ̀n ìṣó kan péré. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà nínú hemoglobin, ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tó sì ń gbé atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró káàkiri ara. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù wà nínú ferritin, nínú ẹ̀dọ̀ ní pàtàkì. Purotéènì tó ní ihò nínú bí àká ni ferritin, ẹyọ kan rẹ̀ sì lè gba átọ̀mù irin tó tó 4,500. Èyí tó ń rìn nínú omi ẹ̀jẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 3 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000. Kì í sì í dá rìn. Purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ transferrin ló ń gbé e, méjì méjì, bí aláàárù tó ru ẹrù kan lórí tó sì gbé èkejì dání. Nínú àwọn aláàárù yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè wọn nìkan ló ń ní ẹrù ní ọjọ́ tí ara bá le. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo rò pé ìfiṣòfò ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àyè tó ṣófo náà ló ń gba irin yòówù tó bá já bọ́, kí ẹlòmíràn tó rí i mú.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dá kan máa gbé nínú ara wa kí irin má wù ú. Bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, nílò irin láti mí àti láti ṣe ẹ̀dà DNA wọn. Ẹyọ kòkòrò E. coli kan ń lo átọ̀mù irin tó tó 100,000 sí 1,000,000 kí ó tó lè pín sí méjì. Ọ̀kan péré nínú àwọn kòkòrò àrùn tí a mọ̀ dáadáa ni ó ti kọ irin sílẹ̀ pátápátá: Borrelia burgdorferi, tí eégbọn ń fi ran ènìyàn ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, ń lo manganese dípò rẹ̀. Ìyókù ní láti wá irin, ibi tí wọ́n sì ti ń wá a le fún wọn. Irin tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú omi ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé kò lè tó kòkòrò kan ṣoṣo lò.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé àwa ará Èkìtì ju ẹlòmíràn lọ níbí. Ilẹ̀ wa pupa. Yangí ni a fi ń la ọ̀nà, òun ni ó ń kun ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, irin tó ti dípẹtà ló sì fún un ní àwọ̀ yẹn. A ń tẹ irin mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀ lè máa wá irin tí kò rí, nítorí irin tó ti bá atẹ́gùn pàdé kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí ti kọ́ iṣẹ́ tí àwọn tó ń fa àrùn ń fi ara wa ṣe.

Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ fi hàn kedere pé ara ń fi irin pamọ́: Leona Caroline àti Arthur Schade, ní ọdún 1944. Funfun ẹyin tútù ni wọ́n mú. Wọ́n rí i pé Shigella, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kò lè dàgbà nínú rẹ̀. Wọ́n wá ń fi oríṣiríṣi èròjà kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tí yóò gba kòkòrò náà sílẹ̀. Irin nìkan ló gbà á. Ní ọdún 1946 wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ nínú omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, òun sì ni transferrin tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé kò sí ẹni tí kò tíì rí adìyẹ tó ń sàba. Ọjọ́ 21 ni ẹyin ń lò nínú ooru ara ìyá rẹ̀, nínú ìdọ̀tí ìtẹ́, láìjẹrà. Èèpo nìkan kọ́ ló ń ṣọ́ ọ. Funfun inú rẹ̀ ti gbá gbogbo irin mọ́ra, ó sì ní àwọn ohun ìjà mìíràn pẹ̀lú.

Ìbátan purotéènì inú ẹyin náà wà nínú omijé wa, nínú itọ́, àti nínú omi ọmú. Lactoferrin ni wọ́n ń pè é. Inú omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó nípọn tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ló ti pọ̀ jù lọ. Ó ń dùn mí títí di òní pé ọ̀pọ̀ ìyá ní agbègbè wa ni wọ́n kọ́ láti fún omi ọmú yẹn dànù, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù nínú ọyàn, ó ti bàjẹ́.

Ìrè ni ìlú Ògún Onírè, a sì máa ń gbọ́ nínú oríkì rẹ̀ pé ó lómi nílé, ó fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Irin àti ẹ̀jẹ̀ kò ṣàjèjì síra wọn létí ọmọ tí a bí síbẹ̀. Àbúrò bàbá mi jẹ́ alágbẹ̀dẹ, èmi ni mo sì máa ń fín ẹwìrì fún wọn tí iléèwé bá ti parí. Èédú á pọ́n, irin á pọ́n jù ú lọ, wọ́n á wá na ọwọ́ sí ara ògiri níbi tí ẹ̀mú wọn so sí. Ẹ̀mú wọn pọ̀. Ẹnu ọ̀kan ṣe pẹrẹsẹ fún abẹ ọkọ́, ẹnu òmíràn rí roboto fún ọ̀pá. Wọn kì í fi ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ kò bá irin mu gbé e, wọ́n ní irin gbígbóná tó bá yọ̀ kò mọ ọmọ olóko. Nígbà tí olùkọ́ wa ní yunifásítì ya àwòrán bí kòkòrò ṣe ń gba irin sí ojú pátákó, ẹ̀mú ara ògiri yẹn ni mo rí.

Kòkòrò náà kò lọ bá irin níbi tó wà. Ó ń rọ ẹ̀mú kékeré kan nínú ara rẹ̀, ó ń sọ ọ́ síta, ẹ̀mú náà á lọ gbá irin mú, á sì gbé e padà wá. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ ni siderophore, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí agbérin. Èyí tí E. coli ń rọ ni enterobactin. Ikọ̀ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Ọsirélíà, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1970, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Apá mẹ́ta ló ní, apá kọ̀ọ̀kan sì ń di irin mú ní ojú méjì, tí ó fi jẹ́ pé ojú mẹ́fà ni irin ti há sí i lọ́wọ́. Ó wà lára àwọn ohun tó ń di irin mú le jù lọ nínú gbogbo ẹ̀dá. Bí òun àti transferrin bá jọ fa irin kan náà, ọwọ́ enterobactin ni irin yóò bọ́ sí nígbẹ̀yìn.

Ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀mú tó ti di irin mú tóbi ju ihò tí oúnjẹ wẹ́wẹ́ ń gbà wọ inú kòkòrò lọ, nítorí náà ilẹ̀kùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ lára awọ òde, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní FepA. Awọ òde kò sì ní agbára kankan tí yóò fi ṣí ilẹ̀kùn. Purotéènì kan tó ń jẹ́ TonB ló ń nawọ́ láti awọ inú, tí ó ń gbé agbára wá ṣí i. Nígbà tí ẹ̀mú bá wọlé tán, ó ti di irin náà mú le débi pé kòkòrò fúnra rẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá fọ́ ẹ̀mú náà. Ó ní ènsáìmù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó gé enterobactin wẹ́wẹ́. Odindi ẹ̀mú kan, tí ó ná an ní oúnjẹ àti agbára láti rọ, ni ó ń bàjẹ́ nítorí átọ̀mù irin kan ṣoṣo. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí irin náà bá jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀.

Mo ti fi ojú mi rí iṣẹ́ ẹ̀mú yìí. Ní ọdún 1987, Bernhard Schwyn àti J. B. Neilands gbé ọ̀nà kan jáde tí ẹnikẹ́ni fi lè rí i láìlo maikirosikóòpù: wọ́n pò aró kan tó di irin mú mọ́ oúnjẹ kòkòrò. Àwọ̀ búlúù ni aró náà ń ní nígbà tí irin bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì di àwọ̀ ọsàn bí ẹlòmíràn bá já irin náà gbà. Ní alẹ́ kan nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè kejì, mo gbin E. coli sí àárín àwo bẹ́ẹ̀, mo sì lọ sùn. Nígbà tí mo dé lówùúrọ̀, iná ìjọba ti lọ, mo sì gbé àwo náà lọ síbi fèrèsé. Búlúù rẹ̀ mọ́ gaara bí aró àdìrẹ ní ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú ìkòkò. Ní àárín rẹ̀, kòkòrò náà wú díẹ̀ bí ẹ̀kán òróró, òrùka àwọ̀ ọsàn sì yí i ká, ó fẹ̀ ju kòkòrò náà fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tí kòkòrò kò dé ni ẹ̀mú rẹ̀ dé. Mo dúró síbẹ̀ títí tí ọ̀rẹ́ mi fi pè mí pé kí n wá jẹun.

Ara kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 2002 ni a mọ iṣẹ́ purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ siderocalin, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ogun ara, ń tú jáde. Irin kọ́ ni ó ń dì mú. Ẹ̀mú náà gan-an, pẹ̀lú irin tó wà lẹ́nu rẹ̀, ni ó ń gbé mì. Ní ọdún 2004, wọ́n fi hàn pé eku tí a mú purotéènì yìí kúrò lára rẹ̀ ń tètè kú bí E. coli bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ìjà ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Salmonella, ìdílé kòkòrò tó ń fa taifọ́ìdì, ti mú ṣúgà glucose, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara enterobactin, ẹ̀mú tó ní ṣúgà lára yìí kò sì lè wọ inú àpò siderocalin mọ́. Klebsiella, tí a máa ń rí nínú àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti àrùn ọ̀nà ìtọ̀, lè rọ ẹ̀mú oríṣi mélòó kan pọ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ara bá mọ ọ̀kan, kò ní mọ èkejì.

Àwọn kan kò tilẹ̀ rọ ẹ̀mú. Kòkòrò àtọ̀sí àti èyí tó ń fa àrùn yírùnyírùn, tó ń ṣọṣẹ́ ní apá òkè ọya lọ́dọọdún, ń dá transferrin lọ́nà, wọ́n ń fa irin yọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí aláàárù máa lọ lọ́wọ́ òfìfo. Transferrin ènìyàn nìkan ni ọwọ́ wọn mọ̀, èyí sì wà lára ìdí tí àwọn àrùn méjèèjì fi jẹ́ ti ènìyàn nìkan.

Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi jẹ́ Staphylococcus aureus. Mo mọ̀ nítorí èmi ni mo gbin ọyún náà sí àwo ẹ̀jẹ̀. Àgbò ni a máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi se oúnjẹ kòkòrò yìí. Àwo náà máa ń pọ́n dòdò, kò ṣeé wò kọjá bí a bá gbé e síwájú iná. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kán wúrà kéékèèké ti hù sójú rẹ̀, bí òróró ata tó dì. Yíká ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pupa náà ti parẹ́. Mo gbé àwo náà sókè, mo sì rí ìka ọwọ́ mi láti òdìkejì, láàárín òrùka tí ẹ̀jẹ̀ ti wà lánàá. Ó ti fọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà níbẹ̀. Majele rẹ̀ ló ń dá ihò sí wọn lára kí hemoglobin lè dà síta, àwọn purotéènì kan tó wà lára awọ rẹ̀ á wá já ohun pupa inú hemoglobin gbà, wọ́n á máa nà án fún ara wọn láti òde wọ inú, títí tí yóò fi dé ibi tí wọn yóò ti tú irin jáde nínú rẹ̀. Ìwádìí kan ní ọdún 2010 fi hàn pé hemoglobin ènìyàn ń wù ú ju ti eku lọ. Ó ti mọ ilé wa, ó ti mọ ibi tí a ń kó ọrọ̀ sí.

Ìfi-ebi-pa-kòkòrò náà ní owó tirẹ̀. Láti ọdún 1936 ni a ti mọ̀ pé kòkòrò dífítéríà kì í tú majele rẹ̀ jáde dáadáa bí irin bá pọ̀ ní àyíká rẹ̀. Ìgbà tí irin bá wọ́n ni ó máa ń mọ̀ pé inú ara ènìyàn ni òun wà, á sì tú majele rẹ̀ síta. Àjàkálẹ̀ dífítéríà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2022, tó mú Kánò jù, ni mo fi ń rántí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ẹní Ògòtún. Kí ló dé tí ara ìyá mi fi funfun? Ẹ̀dọ̀ ni onílé tó ń ti ilẹ̀kùn. Bí àkóràn bá wọ ara, ọ̀rọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ibi ìjà, ẹ̀dọ̀ yóò sì tú ohun kékeré kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hepcidin, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni irin ń gbà jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Hepcidin á di ẹnu ọ̀nà yẹn mú, á sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fà á wọlé kí ó sì bà á jẹ́. Lójoojúmọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ogbó mọ́ máa ń dá nǹkan bíi mílígíráàmù 20 sí 25 irin padà fún mùdùnmúdùn inú egungun, kí ó lè fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Oúnjẹ kò fi ju mílígíráàmù 1 sí 2 kún un. Nígbà tí hepcidin bá ti ilẹ̀kùn, irin ìpààrọ̀ náà á há sínú, èyí tó ń ti ìfun bọ̀ náà á há, irin inú omi ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ìjà bá pẹ́, mùdùnmúdùn kò ní rí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́, ara á wá funfun. Ara ìyá mi ti pinnu pé ó sàn kí òun rẹ̀ ju kí òun jẹ́ kí olè rí ohun kó lọ.

Èyí ni kò jẹ́ kí n lè gbójú kúrò lára ìgò pupa yẹn. Bí ilẹ̀kùn ìfun bá tì, ibo ni irin tí a ń mu ń lọ? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sínú ìfun, ní àárín àwọn kòkòrò tó ń gbé níbẹ̀. Ní Kenya, àwọn olùwádìí fi ìyẹ̀fun tó ní irin nínú kún oúnjẹ àwọn ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 2015 wọ́n kéde pé irú E. coli tó ń fa àrùn pọ̀ sí i nínú ìfun àwọn ọmọ náà, ìfun wọn sì wú. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1978, ìwádìí kan jáde láàárín àwọn darandaran ilẹ̀ Sòmálíà tí irin kò tó lára wọn. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, àkóràn ṣẹlẹ̀ nígbà 36 láàárín àwọn tí a fún ní irin, ìgbà 7 péré sì ni láàárín àwọn tí a kò fún. Ní erékùṣù Pemba, lẹ́bàá Zanzibar, wọ́n ní láti dá fífún àwọn ọmọdé ní irin dúró nítorí pé àwọn tó ń dé ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń kú ń pọ̀ sí i. Ibi tí ibà ẹ̀fọn ti gbilẹ̀ ni, ọdún 2006 sì ni ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ti olùwádìí ẹni 60 ọdún kan tó kú ní Chicago ní ọdún 2009. Yersinia pestis ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kòkòrò àjàkálẹ̀ tó pa àìmọye ènìyàn ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára: wọ́n ti mú ohun tó fi ń jí irin kúrò lára rẹ̀. Kò yẹ kí ó lè pa ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò òkú ló fi hàn pé ọkùnrin náà ní àrùn àbímọ́ni kan tó ń jẹ́ kí irin pọ̀ jù nínú ara, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Àwọn tó ṣèwádìí ikú náà rò pé ó ṣeé ṣe kí irin àpọ̀jù yẹn ti fún kòkòrò aláìlágbára ní ohun tí kò lè wá fúnra rẹ̀ mọ́.

N kò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè da irin nù. Àìtó irin gidi wà, ó sì ń pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì ń sọ pé kí aboyún máa lo mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́, mo sì ń bẹ gbogbo aboyún tó bá ka èyí pé kí wọn má ṣe dá oògùn tí wọ́n fún wọn ní ibi ìtọ́jú aboyún dúró. Ọmọ tí aràn inú ìfun ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu nílò irin. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù nílò rẹ̀. Ohun tí mo ń bínú sí ni bí a ṣe ń ta ìgò wọ̀nyí bí ẹní ń ta gàárì, fún ẹni tó ní ibà lára, fún ẹni tó ní egbò, láìsí ẹni tó bi í léèrè ohun tó mú ara rẹ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ tún le sí i fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí irin lè ti pọ̀ jù lára wọn, tí ojú wọn yóò sì tún funfun síbẹ̀.

Ohun kan wà tó ń mú inú mi dùn nínú gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ oògùn Shionogi ní Japan ti mú oògùn tó ń pa bakitéríà, wọ́n sì so ohun tó ń di irin mú mọ́ ọn lára. Kòkòrò tí ebi irin ń pa á rí i, á rò pé ẹ̀mú òun ló ń darí bọ̀, á sì fi agbára ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Cefiderocol ni orúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, fún irú àwọn kòkòrò tí oògùn mìíràn kò ràn mọ́. Ọ̀dọ̀ kòkòrò inú ilẹ̀ kan, Streptomyces pilosus, ni a sì ti rí ẹ̀mú tí àwọn dókítà ń lò láti kó irin àpọ̀jù kúrò lára ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n Yersinia lè gba ẹ̀mú yẹn lò fún ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló rọ ọ́, nítorí náà wọ́n máa ń ṣọ́ra tí ibà bá mú ẹni tó ń gba oògùn náà.

Ìyá mi kò nílò cefiderocol. Wọ́n fọ egbò wọn, wọ́n gé ibi tó ti kú dànù, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti oògùn tí àwo ẹ̀jẹ̀ wa fi hàn pé ó ń pa kòkòrò náà. Ìgò mẹ́ta náà dúró sórí tábìlì láìṣí. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní mo fi ìwé tí mo kà fi ẹ̀jẹ̀ du àbúrò àwọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ojú egbò náà ti pa dé, mo tún fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wọn. PCV ti di 33. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n sì bi mí pé èwo nínú àwọn oògùn ilé ìwòsàn ló dá ẹ̀jẹ̀ padà fún àwọn. Mo sọ fún wọn pé kò sí èyí tó fi irin kankan kún un. Irin náà ti wà nínú ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Wọ́n dá ẹ̀gúsí dúró, wọ́n wo ẹsẹ̀ òsì wọn fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Nínú ulé mi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Nínú ẹ̀dọ̀ yín."